Ènìyàn Mélòó Ló Yẹ Kó Jókòó Sídìí Ọpọ́n?

Nígbà Kérésìmesì, Kàbà máa ń kún. Àwọn ọmọ Owé tó wà ní Àbújá á gba Lọ́kọ́jà wọlé, àwọn ti Èkó á gba Àkókó, àwọn ti Ìlọrin á gba Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú. Bí oúnjẹ bá ti tán lọ́jọ́ kejì ọdún, ènìyàn mẹ́wàá lè wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo tí iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan á gbé lúdò jáde. Ẹni mẹ́rin sì ni lúdò gbà. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò ta, ta ni yóò wòran, ṣé kí àwọn tó kù dúró de ọpọ́n kejì ni, àbí kí wọ́n wá eré mìíràn tí yóò gba gbogbo ilé?

Ẹni tí eré ò jọ lójú lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí. Kò kéré rárá. Gbogbo ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí eré ọlọ́pọ́n, ìbáà jẹ́ ayò, dírááfù, lúdò, ṣẹ́ẹ̀sì, Scrabble, Monopoly tàbí àwọn tuntun tó ń ti Jámánì àti Amẹ́ríkà wá, ló mọ̀ pé iye ènìyàn tó jókòó lè sọ eré kan náà di eré méjì tí kò jọra. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí, "ẹni méjì sí mẹ́fà," kò sọ ju pé òfin eré náà ò ní dàrú bí wọ́n bá pé mẹ́fà. Kò sọ pé ẹni kẹfà yóò gbádùn ara rẹ̀.

Ayò ló yẹ ká fi ṣáájú, torí òun ni àgbà láàárín wọn. Ihò méjìlá, mẹ́fà níhà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì. Àdúgbò yòówù kí eré yìí dé, iye yẹn ló bá a débẹ̀. Wọ́n ń pè é ní adjí ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ń pè é ní oware ní Gánà, awalé ni lẹ́nu àwọn ará Côte d'Ivoire. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun, ó di warri ní Antigua àti Barbados. Orúkọ yí padà, òfin yí padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó méjì kò di mẹ́ta níbì kankan nínú wọn.

Bí eré náà ṣe rí ló fà á. Gbogbo ọmọ ayò ló wà lójú kedere. Kò sí dáìsì, kò sí káàdì tí ẹnikẹ́ni gbá mọ́ àyà. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ihò tó wà níhà ẹnì kejì, tó sì sọ ohun tó wà nínú ihò náà di méjì tàbí mẹ́ta, ó di jíjẹ. Ohun tí ẹnì kan bá jẹ, ẹnì kejì ò lè rí i jẹ mọ́. Nítorí náà, ọkàn kan ṣoṣo ni ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta, ń bá ṣírò. Ó lè ka ihò síwájú, kó mọ̀ pé bí òun bá ta èyí, ọ̀rẹ́ òun á ta tọ̀hún, òun á sì bá a níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹlẹ́kẹta sáàárín, ìṣírò náà á fọ́nká. Kí ó tó tún kan ọ̀ta, ẹni méjì ti ro ọpọ́n pọ̀ lójú rẹ̀, èrò tó ti là sílẹ̀ á sì di asán.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti lọ sí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ti Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam yanjú awari, ẹ̀yà ayò tí òfin rẹ̀ sún mọ́ tiwa pẹ́kípẹ́kí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n lò wo ipò tó lé ní bílíọ̀nù 889 tí ọmọ ayò lè wà lójú ọpọ́n. Ohun tó sọ ni pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣì í ta rárá, 24 sí 24 ni wọn yóò parí sí. Ọ̀mì ni. Ní ọdún 2007, Jonathan Schaeffer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà kéde ohun kan náà nípa dírááfù olójú 64. Ọ̀mì lòun náà. Dírááfù olójú ọgọ́rùn-ún, èyí tí wọ́n ń ta lábẹ́ igi káàkiri Nàìjíríà, tí Baba Sy ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà sì fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lágbàáyé ní àwọn ọdún 1960, kò tíì sí ẹni tó yanjú ìyẹn.

Ìtumọ̀ èyí ni pé nínú irú eré ẹni méjì bẹ́ẹ̀ tí kò ní dáìsì, tó sì jẹ́ ọ̀mì, ẹni tí wọ́n bá pa, àṣìta tirẹ̀ ló pa á. Kò lè sọ pé dáìsì ò fẹ́ òun. Kò lè sọ pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀ lé òun lórí. Adùn ibẹ̀ nìyẹn, ìkorò rẹ̀ náà sì nìyẹn, torí àwọn kan wà tí wọn ò lè fara da kí wọ́n pa wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra láìrí ẹni tí wọn yóò dì í lé lórí. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ pé kí a lọ gbé lúdò wá.

Láti méjì bọ́ sí mẹ́ta, kì í ṣe ẹyọ kan ni wọ́n fi kún un. John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Họ́ngárì, fi hàn ní ọdún 1928 pé nínú eré ẹni méjì tí èrè ẹnì kan jẹ́ àdánù ẹnì kejì, ọ̀nà kan wà tó dára jù fún olúkúlùkù láti gbà ta á. Nígbà tí òun àti Oskar Morgenstern wá kọ ìwé ńlá kan lórí eré àti ọrọ̀ ajé ní ọdún 1944, wọ́n rí i pé láti orí ẹni mẹ́ta lọ sókè, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ti yí padà. Ó ti di ta ni yóò bá ta pawọ́ pọ̀.

Kò sí ìdí láti ṣàlàyé ìyẹn pẹ́ fún ọmọ Okun, ìyẹn àwọn Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí tí Owé ti Kàbà wà lára wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọdún 1991 ni ìpínlẹ̀ náà ti jẹ́ ọpọ́n ẹni mẹ́ta: ìlà-oòrùn tí àwọn Ígálà pọ̀ sí, pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án, àárín gbùngbùn tí àwọn Ẹ̀bìrà pọ̀ sí, pẹ̀lú márùn-ún, àti ìwọ̀-oòrùn tí Okun wà, pẹ̀lú méje. Bí ìbò gómìnà bá dé, ẹni tó bá rí ẹlòmíràn bá pawọ́ pọ̀ ni ọ̀nà ń là fún. Látìgbà náà títí di ìbò ọdún 2023, kò sí ọmọ Okun kan tí wọ́n dìbò yàn sípò gómìnà. Ẹni tó bá ti ronú lórí ìyẹn dáadáa ti mọ ohun tó pọ̀ jù nípa eré ẹni mẹ́ta.

Àwọn onímọ̀, Martin Shubik ọmọ Amẹ́ríkà wà lára wọn, ti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ìjà ìbọn. Ẹni mẹ́ta dúró, ìbọn wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, ọ̀kan mọ̀ ọ́n yìn gan-an, èkejì mọ̀ ọ́n níwọ̀nba, ẹ̀kẹta ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣirò máa ń fi hàn pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yìn ló ní àǹfààní jù láti yè é, torí àwọn méjì tó mọ̀ ọ́n yìn á kọ́kọ́ dojú kọ ara wọn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì. Nínú eré ẹni mẹ́ta, ewu ni kí ènìyàn tètè hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń borí. Àwọn tó gbọ́n níbẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ títí di ọwọ́ tó kẹ́yìn.

Àìsàn kejì tún wà níbẹ̀, òun ló sì ń ba eré jẹ́ jù. Ó máa ń dé ibì kan tí ẹlẹ́kẹta ò ti lè borí mọ́, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò yan ẹni tí yóò borí nínú àwọn méjì yòókù. Bó bá ta síbí, Bọ́dé ló jẹ. Bó bá ta sọ́hùn-ún, Túndé ló jẹ. Kò sí ọgbọ́n eré kankan tí yóò sọ fún un èyí tó tọ́. Nítorí náà ó lè jẹ́ pé ẹni tó fún un ní ẹran láàárọ̀ ni yóò ṣe lóore. Ẹni tó pàdánù á bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú, torí wákàtí méjì ló fi ro ohun tí ọ̀rọ̀ ẹran wá parí. Bí ènìyàn bá fẹ́ eré ọgbọ́n tí kò ní dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí, iye tó yẹ kó sá fún jù ni mẹ́ta.

Ohun ìyanu ni pé mẹ́ta ni ìbẹ̀rẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn eré ọgbọ́n tó gbajúmọ̀ jù láyé òde òní. Klaus Teuber, ọmọ Jámánì tó kú ní ọdún 2023, ló ṣe Catan, ó sì jáde ní ọdún 1995. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni páálí rẹ̀ gbà. Olúkúlùkù ń kó igi, bíríkì, àgùntàn, àlìkámà àti òkúta jọ, wọ́n sì ń fi èyí tí wọ́n ní ṣe pàṣípààrọ̀ èyí tí wọn ò ní. Ìdí tí kò fi gba ẹni méjì ni pé ọjà ò lè ná láàárín ẹni méjì tó ń bá ara wọn díje nìkan. Bí ohun tí mo fẹ́ rà yóò ràn mí lọ́wọ́ láti borí, kí ni ọ̀rẹ́ mi yóò tà á fún mi sí? Ìgbà tí ẹlẹ́kẹta bá wà ni àwọn méjì lè jọ jèrè, kí ìyà rẹ̀ jẹ ẹni tí kò sí nínú ọjà náà.

Bí wọ́n bá wá ju mẹ́rin lọ, ìnira mìíràn á yọjú: ìdúró. Ká ní ìṣẹ́jú méjì ni ẹnì kan ń lò lórí ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ìṣẹ́jú méjì ni yóò fi dúró kó tó tún kàn án. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, mẹ́fà ni. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, mẹ́wàá. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ènìyàn á ti gbé fóònù, á ti wo WhatsApp, á ti lọ béèrè bóyá omi wà. Bí ó bá sì padà dé, wọ́n á tún ní láti ṣàlàyé ibi tí wọ́n dé fún un, ìyẹn á sì tún fi ìṣẹ́jú kún ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ṣe Catan mọ èyí. Nígbà tí wọ́n gbé àfikún ẹni márùn-ún sí mẹ́fà jáde, wọ́n fi òfin sí i pé bí ẹnì kan bá ti ta tán, àwọn yòókù náà lè kọ́lé kó tó kan ẹni tó kàn. Òfin yẹn dín ìdúró kù, kò pa á rẹ́.

Alan R. Moon gba ọ̀nà mìíràn nínú Ticket to Ride, tó jáde ní ọdún 2004. Ojú irin láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń tẹ́ nínú rẹ̀, ẹni méjì sí márùn-ún ló sì lè ta á. Àwọn ìlú kan ní ojú irin méjì láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, méjèèjì ṣí sílẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n lè lò, kí wọ́n lè máa fún ara wọn pọ̀ lójú ọ̀nà. Ọlọ́gbọ́n ni ẹni tó rò ó bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ọpọ́n tó fẹ̀ ju àwọn tó ń ta á lọ máa ń sú ènìyàn, torí kò sẹ́ni tó ń kan ẹnikẹ́ni.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ilé ni Monopoly ti ìlú Èkó. Ilé-iṣẹ́ Bestman Games tí Nimi Akinkugbe ń darí nígbà náà ló gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, òun sì ni Monopoly àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lórúkọ ìlú kan ní Áfíríkà. Banana Island ló gbówó lórí jù níbẹ̀, Makoko ló rọjú jù. Ká fi ìṣirò wò ó. Ohun ìní 28 ló wà lórí ọpọ́n Monopoly: òpópónà 22, ibùdókọ̀ mẹ́rin, àti ilé-iṣẹ́ omi pẹ̀lú ti iná. Bí ẹni mẹ́jọ bá jókòó, bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò kan olúkúlùkù, agbára káká sì ni ẹnì kan yóò fi ní àwọ̀ kan pé láìbẹ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá ni, ṣùgbọ́n ọjà ti kú, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ nípa Catan. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, méje méje ni: ó pọ̀ tó láti ní nǹkan tà, ó kéré tó láti ní nǹkan rà. Láàárín mẹ́rin sí márùn-ún ni Monopoly ti dùn. Àléébù rẹ̀ tí kò ní oògùn ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ gbèsè á dìde, àwọn yòókù á sì tún máa bá a lọ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni náà kò ní ohun tí yóò ṣe níbẹ̀ mọ́. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn rẹ̀.

Èyí ló mú ọ̀rọ̀ padà sí abẹ́ igi. Ẹni tó bá sọ pé eré ẹni méjì ni ayò, bí ẹ bá ka ọwọ́ tó ń ta á, kò parọ́. Bí ẹ bá ka ẹnu, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Okun, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, òǹwòran ayò kì í dákẹ́. Wọ́n á máa sọ pé kó gbé e, wọ́n á máa sọ pé kó má gbé e. Wọ́n á máa ki ọ̀ta, wọ́n á máa fi ọ̀pẹ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń pa, ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀pẹ̀ náà á sì gbà á mọ́ra, torí ọjọ́ tí òun náà bá di ọ̀ta, ẹnu òun ni yóò gbẹ̀san. Lórí ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń díje, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sí àwọn tó ń ta á, wọ́n á ní kó jáde. Nídìí ayò, bí gbogbo ènìyàn bá dákẹ́, ó yẹ kí wọ́n béèrè bóyá ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Àṣà kejì tó bá a rìn ni pé ẹni tí wọ́n bá pa á dìde, ẹni tó borí á jókòó. Wọ́n ń ṣe é nídìí dírááfù pẹ̀lú. Wo ohun tí àṣà yìí ń ṣe fún iye ènìyàn: ẹni mẹ́jọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì mọ ìgbà tí yóò kan olúkúlùkù wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dúró lásán, torí wọ́n ń wo ọwọ́ ẹni tó borí, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gbà mú un. Eré ẹni méjì ti gba ẹni mẹ́wàá láìfi òfin kankan kún un. Àwọn tó ń ṣe eré ní Yúróòpù fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ohun tí bẹ́ǹṣì kan ti yanjú nílé wa.

Ẹ̀rí ńlá kan hàn lágbàáyé ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Túndé Ọ̀nàkọ́yà, ẹni tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, jókòó sí Times Square ní New York pẹ̀lú Shawn Martinez, wọ́n sì ta ṣẹ́ẹ̀sì fún 60 wákàtí. Ẹni méjì ló wà nídìí ọpọ́n. Àwọn ọmọ Nàìjíríà yí wọn ká, wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń kọrin, àwọn mìíràn sì ń wò ó lórí fóònù láti Èkó dé Àbújá. Àwọn tí kò mọ bí ẹṣin ṣe ń rìn lórí ọpọ́n náà ń gbóríyìn. Ìjókòó méjì kò dín ìgbádùn kù fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ lúdò náà yẹ fún ìyìn. Láti inú pachisi ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti mú un, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní England ní ọdún 1896. Ẹni mẹ́rin, dáìsì kan, síìdì mẹ́rin mẹ́rin. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, eré ọmọdé sì ni bẹ́ẹ̀, torí ohun tí dáìsì bá wí náà ni ènìyàn máa ṣe. Àwọn ọmọ Nàìjíríà fi dáìsì kejì kún un. Bí ẹni méjì bá fẹ́ ta á, olúkúlùkù á gba ilé méjì, síìdì á sì di mẹ́jọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ta mẹ́fà àti mẹ́rin ní láti ronú: ṣé kó fi mẹ́fà mú síìdì tuntun jáde, kó fi mẹ́rin pa ẹni tó wà níwájú, àbí kó fi méjèèjì sá fún ẹni tó wà lẹ́yìn? Dídín tí ènìyàn dín kù ti fi ọgbọ́n kún eré. Ní tòótọ́, lúdò ẹni méjì bí wọ́n ṣe ń ta á ní Nàìjíríà fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ dára ju lúdò ẹni mẹ́rin lọ fún ẹni tó bá fẹ́ lo orí. Ti ẹni mẹ́rin ló dára jù fún ariwo, ariwo náà sì ní àǹfààní tirẹ̀ lọ́jọ́ ọdún.

Scrabble tún fi èyí hàn ní ọ̀nà mìíràn. Páálí rẹ̀ ní ẹni méjì sí mẹ́rin. Lẹ́tà 100 ló wà nínú àpò. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, bíi 25 ni yóò dé ọwọ́ olúkúlùkù, ibi tí ènìyàn sì ti pète ọ̀rọ̀ sí, ẹlòmíràn á ti dí i kó tó kàn án. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, bíi 50 ni, ète sì lè gùn. Ìdí nìyẹn tí ìdíje Scrabble fi jẹ́ ti ẹni méjì méjì káàkiri àgbáyé. Bẹ́ẹ̀ ni Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, ṣe ta á ní Perth, ní Ọsirélíà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, nígbà tó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú Scrabble èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni mẹ́rin lórí Scrabble dára fún ilé, kò dára fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun mọ̀ ọ́n.

Whot kì í ṣe eré ọlọ́pọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ilé kan ní Kàbà tí a ti lè sọ̀rọ̀ iye ènìyàn láìdárúkọ rẹ̀. William Henry Storey ló ṣe é ní England ní ọdún 1935, Nàìjíríà ló sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Láàárín ẹni méjì, káàdì kìn-ín-ní tó ní kí ènìyàn tún ta àti káàdì kẹjọ tó ní kí ẹni tó kàn dúró, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe: ẹni tó ta á ni yóò tún ta. Bí wọ́n bá ti di mẹ́ta, wọ́n ti yàtọ̀ síra. Káàdì kẹjọ ti di ohun ìjà tó ń fo ẹnì kan pàtó, ẹni tó jókòó sápá òsì ọ̀tá rẹ̀ á sì kọ́ láti bẹ̀rù. Káàdì kẹrìnlá, èyí tó ń rán gbogbo ènìyàn lọ sọ́jà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dùn bí wọ́n bá jẹ́ méjì. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, márùn-ún ló ń pariwo. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́ rárá, nítorí náà ìdúró kò sú ẹnikẹ́ni. Fún èrò tó pọ̀, Whot ni ọba.

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti pa ìdúró, òun sì ni kí gbogbo ènìyàn ta lẹ́ẹ̀kan náà. Antoine Bauza, ọmọ Faransé, ṣe 7 Wonders ní ọdún 2010 fún ẹni mẹ́ta sí méje. Olúkúlùkù á yan káàdì kan, wọ́n á ṣí i pa pọ̀, wọ́n á gbé èyí tó kù fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni méje kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju ẹni mẹ́ta lọ. Ohun tí wọ́n pàdánù níbẹ̀ ni pé àwọn méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì nìkan ni ọ̀rọ̀ kan ènìyàn dáadáa. Ẹni tó wà lódìkejì tábìlì lè borí láìjẹ́ pé wọ́n rí ohun tó ń ṣe.

Diplomacy, tí Allan Calhamer gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1959, fẹ́ ẹni méje gẹ́ẹ́, kò fẹ́ mẹ́fà. Àdéhùn àti ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó lè gba odidi ọjọ́ kan, ó sì lè ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ àlàáfíà nínú ilé kó má gbé e wá.

Àwọn eré tí gbogbo ènìyàn fi jọ ń bá ọpọ́n jà náà wà, bíi Pandemic tí Matt Leacock ṣe ní ọdún 2008. Níbẹ̀, bí iye bá ti pọ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù ni yóò máa ta fún gbogbo wọn. Nínú ẹbí tí ẹ̀gbọ́n àgbà bá ti jókòó, ta nínú àwọn àbúrò ni yóò sọ fún un pé ibi tó ní kí wọ́n lọ kò dára? Ẹni méjì ló dára jù fún un, tàbí kí ẹ̀gbọ́n gbà láti dákẹ́.

Ní Àbújá, Kenechukwu Ogbuagu àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, NIBCARD Games, ti ń ṣe eré tiwa-n-tiwa fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà ló sì wà nídìí àpérò eré ọlọ́pọ́n ti Áfíríkà. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, kó dé Lọ́kọ́jà àti Kàbà. Àwọn tó bá sì fẹ́ ṣe eré fún ilé wa, kí wọ́n má kàn wo ohun tó wà lórí páálí àwọn òyìnbó, kí wọ́n sọ pé ẹni mẹ́rin ló pé. Ilé òyìnbó tí ẹni mẹ́rin ń gbé ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ilé tí ẹni mẹ́wàá ti ń ṣọdún nílò eré tí ẹni méjì tàbí mẹ́rin ń ta, tí àwọn tó kù sì ní ohun tí wọ́n lè sọ àti ìgbà tí yóò kàn wọ́n.

Bí a bá fẹ́ dájọ́, báyìí ló rí. Ẹni tó bá fẹ́ eré ọgbọ́n gidi, ẹni méjì ló dára jù, ayò àti dírááfù sì ni aṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ ọjà àti àdéhùn, kó jẹ́ ẹni mẹ́rin, kó má sì fi mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ bí kò bá pọn dandan. Bí wọ́n bá ju márùn-ún lọ, kí wọ́n pa Monopoly tì, kí wọ́n ta Whot, tàbí kí wọ́n gbé ọpọ́n méjì kalẹ̀ dípò ọ̀kan.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní ilẹ̀ Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ máa ń ṣe ọjọ́ ìlú, wọ́n máa ń pe olórin, wọ́n máa ń gbé àga sílẹ̀ fún àwọn àlejò pàtàkì. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n gbé ọpọ́n ayò márùn-ún sí ojú agbo pẹ̀lú, kí wọ́n fi bẹ́ǹṣì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ti Àbújá àti Èkó wá jókòó ti àwọn bàbá tó mọ̀ ọ́n ta.